Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló ń kó òǹkàwé wá sórí búlọ́ọ̀gù tuntun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àìsùn lórí ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá búlọ́ọ̀gù sílẹ̀ ló mú wa gbé kálàmù. Ìmọ̀ràn tó wà lẹ́nu tẹrú-tọmọ fún wọn kò ju méjì lọ: "Máa kọ lójoojúmọ́," àti "Máa fi líǹkì rẹ ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù tí o wà." Ẹni tó bá tẹ̀ lé méjèèjì lè rí èèyàn 200 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó rí 40 lọ́jọ́ kejì, kó máa wo 3 lọ́jọ́ kẹfà. Ọ̀pọ̀ ló ń pa iṣẹ́ náà tì kó tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n á ní àwọn ò mọ nǹkan kọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi kó èrò jọ, ẹni tí a bá sì bẹ̀ wá, àfi ká tún un bẹ̀ kó tó padà.

Òǹkàwé tó ń dúró ni ẹni tí ìbéèrè kan ti ń jẹ lọ́kàn kó tó mọ̀ rárá pé búlọ́ọ̀gù yín wà. Iṣẹ́ oníbúlọ́ọ̀gù ni kó mọ ìbéèrè náà, kó dáhùn rẹ̀ yékéyéké, kó sì rí i dájú pé ẹni tó ń wá ìdáhùn máa rí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi rírí yẹn, torí àìmọye búlọ́ọ̀gù ló wà tí Google ò tíì gbúròó rẹ̀. Ẹ lọ sórí Google, ẹ tẹ "site:", kí ẹ lẹ àdírẹ́sì búlọ́ọ̀gù yín mọ́ ọn láìsí àlàfo. Bí àwọn àpilẹ̀kọ yín bá jáde, kò séwu. Bí ẹyọ kan ò bá jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti inú ni ẹ ti ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń lo WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ búlọ́ọ̀gù, kó wọ Settings, kó tẹ Reading, kó wo ìlà tó sọ pé "Discourage search engines from indexing this site". Àwọn tó ń kọ́ sáìtì máa ń fàmì sí i nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí kí èèyàn má bàa rí i, wọ́n á sì gbàgbé láti yọ ọ́. Níwọ̀n ìgbà tí àmì yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ máa kọ títí ni, Google ò ní gbé e jáde fẹ́nikẹ́ni. Lórí Blogger, ètò búlọ́ọ̀gù ti Google, inú Settings náà ni, lábẹ́ Privacy. Èyí tí wọ́n pè ní "Visible to search engines" gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi orúkọ búlọ́ọ̀gù sílẹ̀ lórí Google Search Console, ibi tí Google ti ń fi han onísáìtì bí sáìtì rẹ̀ ṣe ń yọ nínú èsì. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á ní kí ẹ fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín, wọ́n á fún yín ní kóòdù kékeré kan tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ sáìtì. Bí wọ́n bá ti gbà, ẹ ṣí Sitemaps níbẹ̀, kí ẹ kọ àdírẹ́sì tó kó gbogbo ojú ewé yín jọ: "wp-sitemap.xml" ni ti WordPress láti ọdún 2020, "sitemap.xml" ni ti Blogger. Nígbà tí ẹ bá gbé àpilẹ̀kọ tuntun jáde, ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú àpótí tó wà lókè, kí ẹ tẹ "Request indexing" lẹ́ẹ̀kan, láti ní kí Google gbà á sínú àkójọ rẹ̀. Ó lè gba wákàtí díẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Títẹ̀ ẹ́ ní gbogbo àárọ̀ kò ní mú kó yá.

Ó wá ku ìbéèrè. Ibo la ti ń rí i? Ẹ tẹ ìdajì gbólóhùn sórí Google, kí ẹ wo bó ṣe ń bá yín parí rẹ̀; ohun tí àwọn ẹlòmíì ti ń wá ló ń kó fún yín yẹn. Ẹ tún wo àpótí "People also ask" tó wà láàárín èsì. Ṣùgbọ́n èyí tó dára jù lọ lójú tiwa ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ń bi yín ní nǹkan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ má tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ń lò kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tí nǹkan ṣe ń lò, ọ̀rọ̀ ẹni tí nǹkan ṣe ló sì ń wọ inú àpótí Google.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó kọ àpilẹ̀kọ, ó pè é ní "Èmi àti máṣíìnì mi". Àpilẹ̀kọ náà lè dùn bí oyin, kò sẹ́ni tó ń wá a. Ẹni tó jókòó ti máṣíìnì lóru, tí iṣẹ́ oníṣẹ́ ń lé, "kí ló dé tí òwú òkè ń já" ló máa tẹ̀. Bí àkọlé bá wá jẹ́ "Òwú òkè máṣíìnì ń já? Nǹkan mẹ́rin tí ẹ máa yẹ̀ wò", ẹni yẹn mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ìlà àkọ́kọ́ nínú àpilẹ̀kọ gbọ́dọ̀ ti máa dáhùn: ẹ tú òwú jáde kí ẹ tún un kì, bó bá ṣì ń já, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́, bí kò bá gbọ́, ẹ dẹ ohun tó ń fún òwú díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wo òwú fúnra rẹ̀ bóyá ó ti gbó. Ẹ rí i pé èyí tí kò náni ní nǹkan ló ṣíwájú. Lẹ́yìn ìdáhùn ni àlàyé ń bọ̀, pẹ̀lú àwòrán: abẹ́rẹ́ tí a tẹ́ pẹrẹsẹ sórí dígí, tí a yà á láti ẹ̀gbẹ́, kí èèyàn lè rí àlàfo tó wà lábẹ́ èyí tó ti tẹ̀. Àwòrán kan bẹ́ẹ̀ níye lórí ju ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ, kò sì sí nínú ìwé ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí òǹkọ̀wé máa kí èèyàn, kó máa sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣe pàtàkì tó, kó máa pìtàn bí máṣíìnì ṣe dé ayé, kó tó kan òwú. Kó tó débẹ̀, òǹkàwé ti padà sẹ́yìn, ó ti tẹ èsì mìíràn. Ní ti àkọlé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó wúlò jù wà ní ìbẹ̀rẹ̀, torí Google sábà máa ń gé e tó bá ti ń kọjá nǹkan bíi lẹ́tà 60. Ẹ má ṣèlérí ohun tí kò sí nínú àpilẹ̀kọ. Àkọlé "Àṣírí tí wọn ò fẹ́ kí ẹ mọ̀" lè fa ẹni kan wọlé lẹ́ẹ̀kan, onítọ̀hún kò sì ní gba orúkọ yẹn gbọ́ mọ́.

A tún rí àwọn tó ṣì ń to ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n jọ sínú ibi tí wọ́n pè ní "keywords" lẹ́yìn sáìtì. Láti ọdún 2009 ni Google ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò fi ìyẹn to èsì. Ẹ fi àkókò yẹn kọ gbólóhùn méjì tó dára sínú "description". Òun náà kì í gbé èèyàn sókè, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ òun ni Google máa fi hàn lábẹ́ àkọlé, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń wá nǹkan ti ń pinnu bóyá kó tẹ̀ ẹ́ àbí kó má tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ tuntun. Google ti ń fúnra rẹ̀ ṣàkójọ ìdáhùn kúkúrú sókè èsì báyìí, kí èèyàn tó dé orí líǹkì kankan. Nítorí náà, àpilẹ̀kọ tí kò ju "kí ni nǹkan báyìí túmọ̀ sí" lọ kò ní mú òǹkàwé púpọ̀ wá mọ́. Èyí tí ẹ wọ̀n, tí ẹ dán wò, tí ẹ ya àwòrán rẹ̀ fúnra yín, tí ẹ sọ ibi tó ti bàjẹ́ àti ìdí tó fi bàjẹ́, ìyẹn ni èèyàn ṣì máa fẹ́ wọlé wá kà.

Ẹ má sì gbé àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo jáde kí ẹ máa lu agogo. Ẹni tó bá wọlé tí kò rí ohun kejì kà yóò jáde ni. Ní tiwa, kí àpilẹ̀kọ tó tó 10 sí 15 lórí ọ̀rọ̀ kan náà wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo ló sàn. A ní ọ̀rọ̀ kan náà: ìránṣọ lónìí, bọ́ọ̀lù lọ́la, ìṣèlú lọ́tùúnla, ẹni tó wá torí òwú ò ní rí ìdí tó fi máa dúró. Ọ̀kan tó kún lọ́sẹ̀ kan dára ju méje tó ṣófo lọ. Nínú àpilẹ̀kọ tuntun kọ̀ọ̀kan, ẹ fi líǹkì sí méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn ti àtẹ̀yìnwá. Èyí tí àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé ni pé kí wọ́n tún padà sínú àwọn tó ti pẹ́, kí wọ́n fi líǹkì sí tuntun. Àpilẹ̀kọ tí kò sí líǹkì kankan tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dà bí yàrá tí kò ní ẹnu ọ̀nà. Google gan-an lè má dé ibẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi líǹkì sí lára sì sọ ibi tó ń lọ, bíi "bí a ṣe ń yan abẹ́rẹ́ fún aṣọ tó nípọn". "Ẹ tẹ ibí" kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ àwòrán tún wà, owó dátà òǹkàwé ló sì wà nínú rẹ̀. Àwòrán tí fóònù ń yà lónìí sábà máa ń fẹ̀ tó píksẹ́lì 4,000, ó sì lè wúwo tó MB 4. Ẹni tó bá kó mẹ́wàá irú rẹ̀ sínú àpilẹ̀kọ kan ti di ẹrù MB 40 ru òǹkàwé rẹ̀. Ojú fóònù ò nílò rẹ̀. Ẹ gé ìbú rẹ̀ sí píksẹ́lì 1,200, kí ẹ sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́, tàbí JPEG tí ìwọ̀n dídára rẹ̀ wà láàárín 75 sí 80. Ọ̀pọ̀ á bọ́ sísàlẹ̀ KB 200 láìjẹ́ pé ojú rí ìyàtọ̀. Squoosh ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nínú bíráwúsà, kò gba pé kí ẹ gbé ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àdírẹ́sì yín sínú PageSpeed Insights, irinṣẹ́ Google tó ń wọn bí ojú ewé ṣe ń yára ṣí, kí ẹ wo apá ti fóònù, ẹ má wo ti kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà tí wọ́n pè ní LCP ni kí ẹ mú ní pàtàkì: àkókò tí ohun tó tóbi jù lójú ewé fi ń yọ. Google ní kó má kọjá ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Bó bá ti di 6 tàbí 7, àwòrán òkè pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má sì jẹ́ kí àpótí ńlá "Ẹ forúkọ sílẹ̀" bo ojú ewé kí èèyàn tó ka ìlà kan. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni Google ti lè rẹ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú èsì fóònù.

Ẹni tó ń fi Yorùbá kọ ní ìṣòro kan tí ẹlòmíì ò ní. Bí àmì ohùn bá wọ inú àdírẹ́sì àpilẹ̀kọ, kọ̀ǹpútà máa ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn nígbà tí èèyàn bá dà á kọ. Lẹ́tà ẹ́ kan ṣoṣo á di "%E1%BA%B9%CC%81", àmì 15 gbáko. Àkọlé ọ̀rọ̀ mẹ́fà á wá di ìlà mẹ́ta pálapàla lórí WhatsApp, ẹni tó bá rí i á rò pé líǹkì oníjìbìtì ni. Àwọn ètò kan máa ń yọ àmì náà fúnra wọn, àwọn mìíràn kì í yọ ọ́. Ẹ yẹ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé àpilẹ̀kọ jáde. Ẹ jẹ́ kí àdírẹ́sì kúrú, láìní àmì, kí dáàṣì wà láàárín ọ̀rọ̀: "owu-masiini-n-ja". Ṣùgbọ́n ní ti àkọlé àti inú àpilẹ̀kọ, ẹ fi àmì sí i pátápátá, torí ohun tí òǹkàwé máa kà nìyẹn. Ẹ sì fi fóònù méjì tó yàtọ̀ wò ó bóyá àmì orí ẹ́ àti ọ̀ jókòó dáadáa. Bó bá ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, fọ́ǹtì ni ẹjọ́ rẹ̀. Noto Sans ń gbé e dáadáa.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti wà nílẹ̀ ni pípín káàkiri tó mọ́gbọ́n dání. Ẹ má ju líǹkì lásán sínú gúrúùpù pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á". Ẹ kọ gbólóhùn méjì tó ti wúlò fúnra rẹ̀, kí líǹkì tẹ̀ lé e fún ẹni tó bá fẹ́ yòókù. Níbi tí ẹnì kan bá ti béèrè nǹkan ní gbangba, ẹ dá a lóhùn tán níbẹ̀, kí ẹ tó ní àwòrán rẹ̀ wà níbì kan. Àwòrán tó ń yọ mọ́ líǹkì náà ṣe pàtàkì: ẹ ṣe é ní píksẹ́lì 1,200 níbùú sí 630 lóròó, kó má ju KB 300 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè má yọ lórí WhatsApp. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ tí Facebook ṣì ń gbé ti àtijọ́ jáde, ẹ fi àdírẹ́sì náà sínú Sharing Debugger tiwọn, kí ẹ tẹ "Scrape Again". Ẹni tó bá ń lo "broadcast list" lórí WhatsApp, àkójọ tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, kó rántí pé èèyàn 256 ni àkójọ kan ń gbà, àwọn tó ti tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù wọn nìkan ló sì máa rí i gbà. Ẹ lè ránṣẹ́ sí 200, kó jẹ́ 60 ló dé ọ̀dọ̀ wọn.

Líǹkì tí àwọn kan ń dà sábẹ́ àpilẹ̀kọ olókìkí kò wúlò. Láti ọdún 2005 ni àmì "nofollow" ti wà, èyí tó ń sọ fún Google pé kó má ka líǹkì kan sí; òun ni ọ̀pọ̀ sáìtì ń fi sára irú líǹkì bẹ́ẹ̀, tí Google kì í sì sábà kà á sí ẹ̀rí fún yín. Ríra àbẹ̀wò tún burú jù ú lọ. Ẹ̀rọ ló ń wá, ẹ̀rọ kì í kàwé, ẹni tó bá sì ti gbé ìpolówó AdSense, èyí tí Google ń sanwó lé lórí, sórí búlọ́ọ̀gù rẹ̀ lè pàdánù àkáǹtì pátápátá.

Ẹ má jẹ́ kí gbogbo òǹkàwé yín wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan. Ilé àyágbé ni ojú ewé Facebook. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, wọ́n kéde pé àwọn máa fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí ṣíwájú ti àwọn ojú ewé, iye èèyàn tó ń ti ibẹ̀ wá sórí ọ̀pọ̀ sáìtì sì já wálẹ̀. Google náà pa Google Reader ní oṣù keje ọdún 2013, àwọn tó ń gba ibẹ̀ ka búlọ́ọ̀gù sì fọ́n ká. Àkójọ ímeèlì nìkan ni ẹ lè gbé lọ síbi tó bá wù yín. Ẹ fi àpótí rẹ̀ sí ìparí àpilẹ̀kọ, torí ẹni tó kà dé ìparí ti rí i pé iṣẹ́ yín dára. Ímeèlì nìkan ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá fi orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìbí kún un, wọ́n á sá. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì láti inú ímeèlì rẹ̀, kí àdírẹ́sì èké má bàa kún àkójọ yín. Ẹ má ṣe fi Gmail tiyín ránṣẹ́ sí gbogbo wọn: èèyàn 500 lóòjọ́ ni wọ́n gbà, ó sì lè lọ sínú spam, àpótí ímeèlì tí a kò fẹ́. Ẹ lo ilé iṣẹ́ tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́, pẹ̀lú àdírẹ́sì tó parí sí orúkọ sáìtì yín, kí ẹ sì ṣètò SPF, DKIM àti DMARC, àwọn ètò tó ń fi hàn pé ẹ̀yin gan-an lẹ fi ímeèlì náà ránṣẹ́, bí wọ́n bá ṣe júwe rẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Gmail àti Yahoo ti le sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ti kíkà iye èèyàn, ẹ yọ ara yín kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé àwọn tó ti orí WhatsApp wá sábà máa ń jáde bí "Direct", bí ẹni pé kò sí líǹkì tó gbé wọn wá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ṣí Performance nínú Search Console. Ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ tí Google fi yín hàn fún lọ́pọ̀ ìgbà, tí ipò yín wà láàárín 8 sí 20, tí kò sì sẹ́ni tó tẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni èrè tó yá jù wà. Ẹ tún àkọlé àpilẹ̀kọ náà ṣe kó bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá mu, kí ẹ fi ìpínrọ̀ tó dáhùn rẹ̀ gan-an kún un, kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó tún wò. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Bí ó bá di dandan kó yí padà, ẹ fi "301 redirect" darí ti àtijọ́ sí tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo líǹkì tí àwọn èèyàn ti fi tọ́ka sí yín á di òkú.

Olóòtú, ohun kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ yín ká. Ọ̀nà tí Google ń gbà mọ ojú ewé tuntun jù lọ ni pé kó tẹ̀ lé líǹkì láti orí ojú ewé tó ti mọ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti mọ sáìtì ìwé ìròyìn. Nígbà tí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ láti orí búlọ́ọ̀gù ẹnì kan, ẹ má fi mọ sí "gẹ́gẹ́ bí a ṣe kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì". Ẹ dárúkọ búlọ́ọ̀gù náà, kí ẹ sì fi líǹkì tó ṣeé tẹ̀ sí àpilẹ̀kọ náà gan-an, kó má jẹ́ ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan. Nínú èyí tí ẹ ń tẹ̀ sórí ìwé, àdírẹ́sì kúkúrú kan tó, tàbí àwòrán QR tí kò kéré sí sẹ̀ǹtímítà 2 níbùú àti lóròó, kí fóònù lè kà á.

Àwa òǹkàwé yín tó ń ṣiṣẹ́ búlọ́ọ̀gù